Le Mans 1955: Ọ̀nà Àná, Eré Òní

Ìlú Le Mans wà ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Faransé. Láti ọdún 1923 ni ẹgbẹ́ Automobile Club de l'Ouest ti ń ṣètò ìdíje ọkọ̀ kan níbẹ̀ tí kò jọ ti ibòmíràn. Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé òpin ọ̀nà ló ń borí, ẹni tó bá rìn jìnnà jù lọ láàárín wákàtí 24 ni. Ní 1955, awakọ̀ méjì ló ń pín ọkọ̀ kan wà. Bí ọ̀kan bá wà nídìí ọkọ̀, èkejì á máa sinmi. Tọ̀sán-tòru, òjò ń rọ̀ ni o, kùrukùru bolẹ̀ ni o, ọkọ̀ kì í dúró àfi tó bá yà gba epo, tó fẹ́ pààrọ̀ taya, tàbí tó ní ohun tí mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ wò. Èyí tí wọ́n sá lọ́jọ́ 11 àti 12 oṣù Kẹfà ọdún 1955, ọkọ̀ Jaguar ló gbé ife-ẹ̀yẹ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá dárúkọ Le Mans 1955 lónìí, ẹni tó gba ife kọ́ ni ènìyàn ń rántí. Ohun tí wọ́n ń rántí ni pé òǹwòran tó lé ní 80 kú lórí ìdúró, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, níbi tí wọ́n ti wá wòran. Kò tíì sí jàǹbá eré ọkọ̀ tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà títí di òní.

Títì tí wọ́n ń sá eré náà lórí rẹ̀ kì í ṣe pápá tí wọ́n dìídì kọ́ fún ìje. Ọ̀nà gbogboògbò ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀nà tí àgbẹ̀ ń gbà ròde, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà kọjá láti oṣù dé oṣù. Bí ọjọ́ ìje bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn á dí àwọn oríta tó já sí i, ó di pápá ìje nìyẹn. Àyíká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 13 àtààbọ̀. Ní 1955, apá kan wà nínú rẹ̀ tó forí lé abúlé Mulsanne, tó gùn tó bíi kìlómítà mẹ́fà láìní kọ̀rọ̀ kankan, ibẹ̀ sì ni awakọ̀ ti máa ń tẹ ọkọ̀ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ní 1923, tí wọ́n kọ́kọ́ sá eré yìí, bí a bá pín gbogbo ìrìn ọkọ̀ tó borí dọ́gba-dọ́gba, kìlómítà 92 ló ń rìn ní wákàtí kan. Ní 1955, àwọn ọkọ̀ tó yára jù ń sá kọjá 270 lójú ọ̀nà Mulsanne. Ọkọ̀ ti di nǹkan mìíràn, ọ̀nà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bó ṣe wà.

Ibi tí èyí ti hàn jù ni iwájú ibùdó. Ibùdó ni ọ̀wọ́ ìsọ̀ tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún títì, níbi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó epo, taya àti mẹkáníìkì rẹ̀ sí. Kò sí ògiri láàárín ibùdó àti títì. Kò sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ lè yà sí kó tó dẹwọ́ eré. Ẹni tó bá fẹ́ gba epo á kàn tẹ bíréèkì lórí títì kan náà tí àwọn tó kù ń gbà fò kọjá, á sì rọra fà sọ́tùn-ún. Títì ọ̀hún tún tín-ín-rín níbẹ̀, ó sì ṣẹ́rí díẹ̀ sọ́tùn-ún kó tó kan ibùdó, débi pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kì í tètè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú. Lápá òsì, ní ọ̀kánkán ibùdó gan-an, ni èrò máa ń pọ̀ sí jù, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ọkọ̀ tó ń gba epo àti ọkọ̀ tó ń kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Òkìtì ilẹ̀ kékeré kan àti ọgbà pátákó ni wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lójú títì.

Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni ojú gbogbo ayé eré ọkọ̀ ń wò lọ́dún náà. Jaguar ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti borí ní 1951 àti 1953, Mercedes ti Jámánì ní 1952, Ferrari ti Ítálì ní 1954. Mercedes kò wá ní 1953 àti 1954. Ọkọ̀ tuntun ni wọ́n gbé wá báyìí, 300 SLR. Ọkọ̀ yìí kan náà ni Stirling Moss fi borí Mille Miglia, ìdíje ńlá ojú ọ̀nà ilẹ̀ Ítálì, ní nǹkan bí oṣù kan àbọ̀ ṣáájú. Ara rẹ̀ kì í ṣe irin lásán. Àdàlù magnesium ni wọ́n fi ṣe é, ohun tó fúyẹ́ tí kò sì tètè ṣẹ́, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bí iná bá ràn án, ọ̀rọ̀ di ti ìyanu. Bíréèkì inú àgbá irin ló ń lò, irú èyí tí ooru máa ń há mọ́ títí tí kò fi ní í mú dáadáa mọ́. Ìyẹn ló mú kí wọ́n fi ìbòrí irin kan sí ẹ̀yìn awakọ̀ tó ń dìde gbagede gba atẹ́gùn bí ó bá fẹ́ dẹwọ́ eré. Bíréèkì ti Jaguar jẹ́ àwo irin pẹrẹsẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kì í gbóná kọjá ààlà. Èyí túmọ̀ sí pé Jaguar lè sáré wọ kọ̀rọ̀ kan pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì, ó sì lè já eré sílẹ̀ láàárín ìwọ̀n ilẹ̀ tí kò tó nǹkan.

Ogun àgbáyé kejì kò ju ọdún mẹ́wàá lọ tó parí. Ọmọ ogun Jámánì ti gba ilẹ̀ Faransé, wọ́n ti jókòó tì í fún ọdún mẹ́rin, egbò náà kò sì tíì jinná lọ́kàn àwọn tí ojú wọn rí i. Alfred Neubauer, ọkùnrin síńgbọnlẹ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ Mercedes, kó awakọ̀ jọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Juan Manuel Fangio ará Argentina àti Moss ará Gẹ̀ẹ́sì pín ọkọ̀ kan. Karl Kling ará Jámánì àti André Simon ará Faransé pín èkejì. Ẹ̀kẹta bọ́ sọ́wọ́ John Fitch ará Amẹ́ríkà àti Pierre Levegh ará Faransé. Ó jọ pé Neubauer mọ ohun tó ń ṣe: ó sàn kí àwọn èrò Le Mans rí ọmọ tiwọn nínú ọkọ̀ Jámánì.

Levegh kì í ṣe ọmọdé, ẹni ọdún 49 ni. Pierre Bouillin ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó mú Levegh láti fi rántí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tó ti sá eré ọkọ̀ ṣáájú rẹ̀. Gbogbo ará Faransé ló mọ̀ ọ́n nítorí ohun tó ṣe ní 1952. Lọ́dún náà, ó jókòó sídìí ọkọ̀ Talbot rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 23, kò gbé e fún ẹnìkejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnìkejì náà wà ní ibùdó tó ń retí kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ti já àwọn Mercedes sílẹ̀ ní àyípo púpọ̀. Ó ku bíi wákàtí kan péré kí eré parí ni ẹ́ńjìnnì kọṣẹ́, Mercedes sì gba ipò kìíní àti ìkejì mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn kan ní ìwọra ló pa á láyò, àwọn kan ní akin ni ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Neubauer wà lára àwọn tó rántí rẹ̀. Nígbà tí ó ń wá awakọ̀ fún 1955, ó ránṣẹ́ pè é.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni eré bẹ̀rẹ̀, èrò bíi 250,000 sì ti pé jọ. Ìlànà Le Mans nígbà náà ni pé kí wọ́n to ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùdó, kí àwọn awakọ̀ dúró ní òdìkejì títì. Bí àsíá bá ti já wálẹ̀, oníkálùkù á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, á bẹ́ sínú rẹ̀, á ṣíná sí i. Fangio kánjú bẹ́ sínú tirẹ̀, ọ̀pá jíà bá wọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá awakọ̀ àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì wá ń já ṣòkòtò gbà lọ́wọ́ jíà, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ti fi eruku sílẹ̀ fún un.

Ferrari tí Eugenio Castellotti wà ló ṣíwájú lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mike Hawthorn, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ẹni ọdún 26, wà nínú Jaguar. Fangio lé wọn, ó lé wọn, ó bá wọn. Kò pẹ́ tí Ferrari fi rẹ̀ sẹ́yìn, tó ku Hawthorn àti Fangio nìkan. Àwọn méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í sá eré wákàtí 24 bí ẹni pé wákàtí méjì ni. Bí ọ̀kan bá fìdí àkọsílẹ̀ eré tó yá jù lélẹ̀ ní àyípo yìí, èkejì á fọ́ ọ ní àyípo tó tẹ̀ lé e. Èyí tó yá jù lọ bọ́ sọ́wọ́ Hawthorn: ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 6.6 fún àyípo kan, eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 197 ní wákàtí kan, pẹ̀lú gbogbo kọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn wákàtí méjì ààbọ̀ kù díẹ̀, epo ti ń lọ sópin nínú àwọn ọkọ̀, àkókò ti tó láti yà sí ibùdó. Àwọn òǹwòran rọ́ wá sí ọ̀kánkán ibẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ rí bí Jaguar àti Mercedes yóò ṣe pààrọ̀ awakọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn gun àkàbà, àwọn mìíràn gun àpótí.

Ọkọ̀ mẹ́rin ló ń bọ̀ nígbà náà. Hawthorn ló wà níwájú nínú Jaguar. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya Austin-Healey kékeré kan sílẹ̀, èyí tí Lance Macklin, ará Gẹ̀ẹ́sì bíi tirẹ̀, ń wà. Macklin ti wà ní àyípo púpọ̀ sẹ́yìn, kò bá ẹnikẹ́ni du ipò kìíní. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló fà sí kí àwọn tó yára lè rí ọ̀nà. Lẹ́yìn Macklin ni Levegh ń bọ̀, Fangio sì tẹ̀ lé Levegh. Àkókò jẹ́ nǹkan bíi agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 26.

Bí Hawthorn ṣe kọjá Macklin tán, ó fà sọ́tùn-ún níwájú rẹ̀, ó tẹ bíréèkì láti yà sí ibùdó. Àwo bíréèkì Jaguar di taya mú. Macklin rí ìdí Jaguar tó ń sún mọ́ ọn wìtìwìtì, òun náà tẹ bíréèkì, eruku sọ lábẹ́ taya rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tó rí i pé bíréèkì nìkan kò ní gbà á, ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sósì, sí àárín títì. Àárín títì yìí gan-an ni Levegh ń bọ̀, ní eré bíi kìlómítà 240 ní wákàtí kan. Ní irú eré bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ń jẹ ilẹ̀ mítà 66 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ènìyàn tó wí pé "yéè", ó ti kọjá.

Taya iwájú Mercedes gun ẹ̀yìn Austin-Healey lápá òsì. Ẹ̀yìn Austin-Healey dà gẹ̀rẹ́ wá sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n gbé pákó ti ẹnu ọkọ̀ ẹrù. Orí gẹ̀rẹ́ yẹn ni Mercedes gbà lọ sójú ọ̀run. Ó já lu òkìtì ilẹ̀ tó wà níwájú èrò, ó sì fọ́. Levegh tú jáde sórí títì, ó kú lójú ẹsẹ̀. Ara ọkọ̀ tó kù dúró sórí òkìtì, iná sọ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tó wúwo iwájú ọkọ̀ kò dúró. Ẹ́ńjìnnì, irin tó so taya iwájú méjèèjì pọ̀, àti bọ́nẹ́ẹ̀tì já kúrò, wọ́n sì gba àárín èrò lọ bí ọta ìbọn. Àwọn tó gun àkàbà àti àpótí ni orí wọn ga jù. Àwọn ọmọdé kan tó dúró nísàlẹ̀ là á já nítorí pé wọn kò ga tó.

Iye tí wọ́n sábà ń kọ sílẹ̀ ni òǹwòran 83 àti Levegh fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìwé mìíràn dín ọ̀kan tàbí méjì kù. Àwọn tó fara pa lé ní 100. Ọkọ̀ Macklin lu ọ̀hún lu ìhín, ó gba ẹ̀gbẹ́ ibùdó kọjá, ó ṣe àwọn kan léṣe níbẹ̀, ó tún padà sí òdìkejì kó tó dúró. Macklin sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Fangio tó wà lẹ́yìn gba àárín èéfín àti àfọ́kù kọjá láìfara kan nǹkan kan. Ó sọ lẹ́yìn náà pé Levegh gbọ́wọ́ sókè kí ó tó kọ lu ọkọ̀ iwájú, àti pé ọwọ́ yẹn ló ta òun lólobó. Fitch, tó yẹ kó gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ Levegh láìpẹ́, wà ní ibùdó lọ́wọ́ kan náà pẹ̀lú ìyàwó Levegh.

Àwọn panápaná dé ìdí àjókù Mercedes, wọ́n sì ṣe ohun tí panápaná ń ṣe: wọ́n da omi sí i. Magnesium tó ń jó kò mọ omi lọ́tàá. Yóò já afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi gbà, á fi jó síwájú sí i, háídrójìn tó ṣẹ́kù náà á sì gbiná. Bí wọ́n ṣe ń da omi ni iná funfun náà ń lé sókè tí ó ń fọ́n iná káàkiri. Ọ̀pọ̀ wákàtí ló fi jó. Iyẹ̀pẹ̀ ni à bá dà sí irú iná bẹ́ẹ̀.

Hawthorn kò rí ibùdó rẹ̀ dúró sí. Ó ti kọjá a kó tó lè dúró, wọ́n sì ní kó tún yí àyípo kan sí i. Nígbà tó padà dé, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó ti dàrú, ó ń sọ pé òun kò wa ọkọ̀ mọ́ láé. Wọ́n pàrọwà fún un. Ivor Bueb, ẹnìkejì rẹ̀, tí kò tíì sá eré Le Mans rí, ló kó sínú ọkọ̀ náà.

Eré kò dúró. Ohun tó ń ya àwọn tó ń gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu jù nìyẹn. Àwọn àlùfáà ń rìn láàárín òkú, wọ́n ń gbàdúrà. Ọkọ̀ sì ń pariwo kọjá ní mítà díẹ̀ sí wọn. Charles Faroux, àgbà tó ń darí ìje náà, ní bí òun bá dá eré dúró, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á dí gbogbo ọ̀nà, áńbúláǹsì kò sì ní rí ibi gbà dé ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ náà ní láárí fún wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ṣòro láti rí bó ṣe kan agogo mẹ́ta òru, nígbà tí wọ́n ti gbé àwọn tó fara pa lọ tán. Ó dájú pé ọ̀pọ̀ èrò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ mìíràn títì kìlómítà 13 yìí kò mọ bí ọ̀ràn ṣe tóbi tó. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ olóbìírípo tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìgbádùn èrò.

Ní ibùdó Mercedes, Fitch sọ pé kí ẹgbẹ́ náà fà sẹ́yìn. Bó ṣe rí i, bí ọkọ̀ Jámánì bá gba ife lọ́jọ́ tí ọkọ̀ Jámánì pa ará Faransé tó bẹ́ẹ̀, ariwo rẹ̀ kò ní tán. Ọ̀rọ̀ náà kọjá agbára Neubauer. Àfi kí àwọn ọ̀gá àgbà tó wà ní Stuttgart sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ó tó bíi agogo méjì òru kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó pe ọkọ̀ méjèèjì tó kù wọlé. Ọkọ̀ Fangio àti Moss ló wà ní ipò kìíní nígbà náà, ó sì ti fi àyípo méjì já Jaguar sílẹ̀. Wọn kò ṣe ìkéde aláriwo. Rudolf Uhlenhaut, ẹnjiníà àgbà Mercedes, rìn lọ sí ibùdó Jaguar, ó bi wọ́n bóyá àwọn náà yóò bá wọn fà sẹ́yìn. Lofty England tó ń darí Jaguar kọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Mercedes ti di ẹrù wọn sínú ọkọ̀, wọ́n ti lọ.

Ní agogo mẹ́rin ọjọ́ Àìkú, lábẹ́ òjò, Hawthorn àti Bueb gba òpin eré kọjá. Kìlómítà tí wọ́n rìn lé ní 4,135, ìwọ̀n rẹ̀ sì ju 172 lọ ní wákàtí kan. Aston Martin tí Peter Collins àti Paul Frère wà ló ṣe ìkejì. Ẹnì kan ya fọ́tò Hawthorn níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, tó di ìgò ọtí ṣáńpéènì mú. Ìwé ìròyìn ilẹ̀ Faransé gbé fọ́tò náà jáde, wọ́n sì fi bú u gidigidi. Ilé Jaguar alára kò bọ́ nínú ọ̀fọ̀: ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí William Lyons tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí ti kú nínú jàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà, nígbà tó ń bọ̀ wá wo eré yìí.

Ta ló fà á? Àwọn ará Faransé kan nàka sí Hawthorn pé ó ya níwájú Macklin lójijì. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kan nàka sí Levegh pé àgbà ti dé sí i, ojú rẹ̀ kò yá mọ́. Àwọn kan ní Mercedes kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú epo. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Faransé gbé kalẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọn kò dá awakọ̀ kankan lẹ́bi, wọn kò sì rí ohun abúgbàù kankan. Ní tiwọn, títì ibùdó ló jẹ̀bi: ó tín-ín-rín jù, kò sí ibi tí ẹni tó fẹ́ dúró lè yà sí, èrò sì sún mọ́ ọn jù. Ìdájọ́ náà tọ̀nà. Bí a bá tẹ̀ lé ohun tí awakọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe, kò sí èyí tí ẹlòmíràn kò lè ṣe nípò rẹ̀. Hawthorn ṣe kánkán jù, àmọ́ irú kánkán bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe láti agogo mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ náà kò tán lọ́kàn Macklin. Nígbà tí Hawthorn kọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 1958, tó sì jọ pé ó ń ti ẹ̀bi sí ọ̀dọ̀ Macklin, Macklin pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Ẹjọ́ náà kò parí. Lóṣù Kìíní 1959, Hawthorn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá awakọ̀ àgbáyé tó sì ti fi eré sílẹ̀, kú nínú Jaguar tirẹ̀ ní ọ̀nà Guildford. Ẹni ọdún 29 ni.

Ọdún 1955 ti burú fún eré ọkọ̀ kí Le Mans tó dé. Lóṣù Karùn-ún, láàárín ọjọ́ mẹ́rin, Alberto Ascari kú ní Monza, Bill Vukovich kú ní Indianapolis. Lẹ́yìn Le Mans, ìjọba Faransé, Swítsálándì, Spéìn àti Jámánì fòfin de eré ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì fagi lé ìdíje ńlá mẹ́rin tó yẹ kó wáyé lọ́dún náà. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ AAA tó ti ń ṣàbójútó ìje láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yọwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Ibi tó pẹ́ jù ni Swítsálándì: wọ́n sọ ìfòfindè náà di òfin orílẹ̀-èdè ní 1958. Ní 2018 ni ọkọ̀ ìje tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ tó tún rí àyè sáré ní Zurich, ó sì di 2022 kí ilé aṣòfin tó dìbò pé kí wọ́n pa òfin náà rẹ́.

Ní Le Mans, wọ́n wó ibùdó àti ibi ìwòran, wọ́n tún wọn kọ́. Wọ́n mú ibùdó àti èrò jìnnà sí títì, wọ́n fẹ títì lójú, wọ́n sì tún ibi tó ṣẹ́rí yẹn ṣe. Iṣẹ́ náà mú kí ìje 1956 sún sí ìparí oṣù Keje. Mercedes kò sí níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé méjèèjì tó wà nílẹ̀ ní 1955, ó sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ìje ní òpin ọdún náà. 2010 ni wọ́n tó tún fi ẹgbẹ́ tó jẹ́ tiwọn gangan padà sí Formula 1. Láti ìgbà jàǹbá náà, Fangio gba ipò ọ̀gá awakọ̀ àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, ti 1955 wà lára wọn, àmọ́ kò fẹsẹ̀ tẹ Le Mans láti wá sáré mọ́.

John Fitch padà sí Amẹ́ríkà. Ó ti rí i ní Le Mans pé ohun tó ń pa ènìyàn ni kí ọkọ̀ tó ń sáré kan ohun tí kò yẹ̀. Ó ṣe àgbá ike ofeefee tí wọ́n ń rọ iyanrìn sí, ìwọ̀n iyanrìn inú ti iwájú kéré, ti ẹ̀yìn pọ̀. Bí ọkọ̀ bá kọ lù wọ́n, àgbá á fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, iyanrìn á máa gba eré lọ́wọ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dúró. Ó kọ́kọ́ dán an wò fúnra rẹ̀, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó sì sáré lọ kọ lù wọ́n. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òpó afárá àti ní oríta àwọn ọ̀nà márosẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà títí dòní.